Ọmọ Yorùbá ní ilé-ìwé girama ìjọba ní ìlú kékeré Amẹ́ríkà: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn

Èyí wà fún òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́ tàbí iṣẹ́ fákítọ́rì ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, irú ìlú tí oko àgbàdo yí ká, tó jẹ́ pé girama kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nìwọ̀nyí. Ohun tí mo bá sọ nínú gbogbo rẹ̀, ibì kan náà ni yóò já sí: ilé-ìwé kékeré á mọ ọmọ yín ní àmọ̀dunjú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní fi lọ̀ yín àfi tí ẹ bá béèrè.

Ṣé wọ́n ń gba owó ilé-ìwé?

Wọn kì í gbà á. Ọ̀fẹ́ ni títí ọmọ á fi parí kíláàsì kejìlá. Ìwé kíkà àti kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń jẹ́ ti ilé-ìwé, ọmọ á dá wọn padà tí ọdún bá parí. Ibi tí owó ti ń jáde ni eré ìdárayá, ohun èlò orin, ìrìn-àjò ẹgbẹ́, àti aṣọ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Tí agbára kò bá gbé e, ẹ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì láìtijú, wọ́n lè dín in kù tàbí kí wọ́n yọ yín kúrò nínú rẹ̀.

Ta ló wá ń san owó oṣù tíṣà?

Ìjọba àpapọ̀ kò gbé púpọ̀ níbẹ̀, ìpín tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti agbègbè fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìyókù, owó orí ilé àti ilẹ̀ sì ni agbègbè fi ń san èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú méjì tó múlé gbe ara wọn fi lè yàtọ̀, tí ọ̀kan á ní yàrá sáyẹ́ǹsì tuntun, tí èkejì á ṣì máa lo èyí tí bàbá àwọn ọmọ náà lò. Ní 1973, nínú ẹjọ́ San Antonio v. Rodriguez, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò pọn ọ́n ní dandan pé kí owó tí agbègbè kọ̀ọ̀kan ń ná lórí ọmọ dọ́gba. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìjà yẹn wà.

Èyí tó kàn yín jù ni pé àwọn tó ń pinnu bí owó náà ṣe ń lọ kò jìnnà sí yín. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ni, àwọn ará ìlú ló sì ń dìbò yàn wọ́n lọ́pọ̀ ibi: àgbẹ̀, oníṣòwò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìpàdé wọn sábà máa ń wáyé lóṣooṣù, gbangba ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ẹ kò nílò ìwé ọmọ onílẹ̀ láti jókòó níbẹ̀. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Mo ti rí i pé òbí tí wọ́n ti mọ ojú rẹ̀ ní ìpàdé kì í pẹ́ rí ìdáhùn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ bá délẹ̀.

Ọmọ mi ti parí SS1. Kíláàsì wo ni wọ́n máa fi í sí?

Ọdún mẹ́rin ni girama tiwọn, láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, fún ọmọ bíi ọdún 14 sí 18. Tí a bá ka ọdún tí ọmọ ti lò nílé-ìwé, JSS3 ló bá kẹsàn-án mu, SS1 bá ẹ̀kẹwàá, SS2 bá ìkọkànlá. Ọmọ yín tó parí SS1 yẹ kó wọ ìkọkànlá nìyẹn.

Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí kírẹ́díìtì ni wọ́n ń kà. Iṣẹ́ kan tí ọmọ bá ṣe yege fún odidi ọdún sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì kan, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń béèrè bíi 20 sí 24 kí ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí. Kò sí ìdánwò ńlá kan bíi WAEC tí yóò wá gbèjà ọmọ tó ṣeré ní ọdún àkọ́kọ́. Máàkì kíláàsì kẹsàn-án wà nínú ìṣirò tí yunifásítì máa rí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣubú. Wọ́n á kó aṣọ, wọ́n á kó gàrí, wọ́n á gbàgbé rípọ́ọ̀tì káàdì. Ọmọ á dé, ọ́fíìsì kò ní rí ohun tí wọ́n máa kà fún un, wọ́n á sì fi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sí àárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ gba rípọ́ọ̀tì gbogbo táàmù láti JSS1, kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, kí ó lu òǹtẹ̀. Ẹ tún mú sílábọ́ọ̀sì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dání. Olùdámọ̀ràn tó wà ní ìlú kékeré lè má tíì rí ìwé Nàìjíríà rí láyé rẹ̀. Kò kórìíra yín, kò mọ̀ ọ́n ni. Ẹ jókòó tì í kí ẹ ṣàlàyé ohun tí "SS" túmọ̀ sí.

Ẹ ṣọ́ ìṣirò jù. Lọ́dọ̀ wa, aljébrà, jìómẹ́tírì àti ìṣirò igun mẹ́ta ni tíṣà ń pò pọ̀ lọ́dọọdún. Tiwọn, gígé ni wọ́n gé e: ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń kọ́ Algebra I lọ́dún kan, Geometry lọ́dún kejì, Algebra II lọ́dún kẹta. Ọmọ yín ti fọwọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ kò sí èyí tó parí bí ìwé wọn ṣe tò ó. Tí wọ́n bá fi í sí Algebra I ní kíláàsì ẹ̀kẹwàá, kò ní dé calculus kó tó jáde, èyí sì lè dí ọ̀nà ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ síbikíbi.

Ìwé wo ni ọ́fíìsì máa béèrè?

Ẹ̀rí pé inú agbègbè ilé-ìwé náà lẹ ń gbé, bíi ìwé ilé tí ẹ rẹ́ǹtì tàbí bíìlì iná. Ẹ̀rí ọjọ́ orí ọmọ. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Káàdì ilé wa kì í sábà ní abẹ́rẹ́ chickenpox, wọ́n á sì béèrè rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìlera káńtì yín (káńtì ni ẹ̀ka tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí). Ètò ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń pèsè abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò ní ìnṣọ́ránsì.

Ọ̀rọ̀ físà kò sí nínú rẹ̀. Láti ìdájọ́ Plyler v. Doe ní 1982, ilé-ìwé ìjọba kò lè lé ọmọ padà nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú. Bẹ́ẹ̀ náà, ìdílé tó ń gbé nínú yàrá ẹlòmíì nítorí àìsí owó ilé ní ààbò lábẹ́ òfin McKinney-Vento ti 1987: kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa wá ìwé lẹ́yìn.

Àbúrò mi ń gbé níbẹ̀. Ṣé mo lè fi ọmọ ránṣẹ́ sí i láti Nàìjíríà kó lọ girama ọ̀fẹ́ yẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìdáhùn yìí dáadáa kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Físà àbẹ̀wò kò fàyè gba ẹ̀kọ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ńkọ́? Láti òfin tí wọ́n ṣe ní 1996, ẹni tó ní i kò lè lọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba rárá. Ní girama ìjọba, oṣù méjìlá lápapọ̀ ni òpin rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ san gbogbo iye tó ń ná agbègbè náà láti kọ́ ọmọ kan. Ọ̀fẹ́ ti bọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó bá òbí rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí mọ̀lẹ́bí òṣìṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, bíi H-4 tàbí F-2, kò sí lábẹ́ ìdè yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní káàdì ìgbélùú.

Tí ọmọ bá tiẹ̀ ní ìwé, tó sì jẹ́ ọ̀dọ̀ àǹtí tàbí ọ̀gbẹ́ni kan ló máa gbé, ilé-ìwé lè béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹni náà jẹ́ alágbàtọ́ lábẹ́ òfin. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tirẹ̀ ṣe rí. Pípè é ní "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi" kò tó lójú wọn.

Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè èdè tí a ń sọ nílé. Ṣé kí n kọ "Gẹ̀ẹ́sì" kí wọ́n má baà dá ọmọ mi dúró?

Ẹ kọ òtítọ́. Tí ẹ bá kọ Yorùbá, wọ́n á dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wò. Tó bá yege, ó parí, kíláàsì tirẹ̀ ni yóò wà. Tí kò bá yege, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìdájọ́ Lau v. Nichols ti 1974 ló fi ìdí èyí múlẹ̀, pé fífi ọmọ sínú kíláàsì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ tó dọ́gba. Ó máa ń dùn mí tí òbí bá fi Yorùbá pamọ́ bí ẹni fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́.

Báwo ni ọmọ á ṣe máa débẹ̀? A ń gbé nínú oko.

Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ òféèfèé ni. Ó lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ó ní ilé púpọ̀ láti yà. Àwọ̀ yẹn ní ìtàn: ní 1939, Frank Cyr, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ ìgbèríko ní Teachers College ti Columbia, pe àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ jọ láti fẹnu kò lórí bí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé á ṣe máa rí. Àwọ̀ tí lẹ́tà dúdú ti ń hàn kedere ní ìdájí ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀: tí iná pupa bọ́ọ̀sì yìí bá ń ṣẹ́jú, tó na apá ìdúró rẹ̀ jáde, ẹ dúró, ì báà jẹ́ pé ẹ ń bọ̀ láti iwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà oníhà méjì. Owó ìtanràn rẹ̀ kò kéré, ẹ̀mí ọmọ sì wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí ilé-ìwé kì í ṣí lọ́jọ́ Ẹtì?

Ọ̀pọ̀ agbègbè ìgbèríko ti gé ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́rin. Ní Colorado, ó ti ju ìdajì àwọn agbègbè ilé-ìwé lọ. Wọ́n ń fi dín owó epo bọ́ọ̀sì kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tó lágbára jù ni tíṣà: ìlú tí owó oṣù rẹ̀ kéré á fi ọjọ́ ìsinmi kan fa tíṣà mọ́ra. Ọjọ́ mẹ́rin náà á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn ní láti ronú sí ọjọ́ karùn-ún yẹn dáadáa, pàápàá tó bá ní ọmọ kékeré pẹ̀lú.

Ẹ óò tún rí ìsinmi tí ẹ kò rò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko Pennsylvania, ilé-ìwé kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ wọn ní oṣù Kọkànlá, nítorí àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín ni. Yìnyín náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ilé-ìwé náà kò ní tíṣà físíìsì. Ṣé ọmọ mi kò ní ṣòfò?

Ẹ̀rù yìí tọ́. Níbi tí ọmọ igba péré bá wà, tíṣà kan ṣoṣo lè máa kọ́ gbogbo sáyẹ́ǹsì, kíláàsì AP (ẹ̀kọ́ ìpele kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń ṣe ní girama) sì lè má ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ọ̀nà tó wà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nítòsí: ọmọ á máa ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tó ṣì wà ní girama, yóò gba kírẹ́díìtì méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ń sanwó rẹ̀ tàbí kí wọ́n dín in kù gan-an. Mo rò pé òun ló dára jù fún ọmọ ìlú kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò, irú Montana Digital Academy. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ní girama ìjọba tí ọmọ ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń yan ọmọ láti gbogbo káńtì fún sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò: èyí tó wà ní Durham, North Carolina, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1980, Mississippi náà ní tirẹ̀ ní Columbus.

Ọmọ lè jókòó fún ìdánwò AP láìṣe kíláàsì rẹ̀, tí ilé-ìwé kan bá gbà láti gbà á síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Oṣù Karùn-ún ni ìdánwò, ṣùgbọ́n ìkọ́rúkọsílẹ̀ ti ń parí láti ìgbà ìwọ́wé ọdún tó ṣáájú.

Mo gbé ọmọ dé Amẹ́ríkà, wọ́n ní kó wọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ṣé oko la bá wá ni?

Mo mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yìí. Bàbá wa fi ọkọ́ rán wa nílé-ìwé kí a má baà di ọkọ́ náà mú. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí FFA (Future Farmers of America), ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yẹn, jẹ́ kí ẹ tó sọ pé rárá.

Òfin Smith-Hughes ti 1917 ló kó owó ìjọba àpapọ̀ wọ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní girama ìjọba. Láti inú rẹ̀ ni FFA ti jáde ní Kansas City ní 1928. Ní Gúúsù, níbi tí òfin ti ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú dá tiwọn sílẹ̀ ní 1935, New Farmers of America. Méjèèjì para pọ̀ ní 1965, wọ́n sì gba àwọn ọmọbìnrin wọlé ní 1969. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí lọ́rùn àwọn ọmọ nílùú ti wà láti 1933.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó lè jẹ́ ewúrẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọgbà, ó lè jẹ́ ìwádìí lórí erùpẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ, bí a ṣe ń darí ìpàdé, bí a ṣe ń jó irin pọ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà á rí ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko níbẹ̀. Ìdíje ń gbé wọn kúrò nílùú lọ sí ìpàdé ìpínlẹ̀ àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀. Fún ọmọ àjèjì, ó tún jẹ́ ọ̀nà tó yá jù láti di ọmọ ìlú náà.

Eré ìdárayá ńkọ́?

Ìlú kékeré ní àǹfààní kan níbí: ní ilé-ìwé tó ní ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ, ọmọ yín lè má rí àyè nínú ẹgbẹ́ kankan, níbí wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ kò tó fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ẹlẹ́ni mọ́kànlá, Stephen Epler, kóòṣì ní Chester, Nebraska, dá ti ẹlẹ́ni mẹ́fà sílẹ̀ ní 1934, wọ́n ṣì ń gbá a títí dòní. Alẹ́ Ẹtì ni ẹ óò rí gbogbo ìlú ní pápá. Ẹ lọ síbẹ̀, kódà tí ẹ kò bá mọ òfin eré náà.

Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá já kò ní gbá bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá sì fura pé orí rẹ̀ gbá nǹkan, òfin gbogbo ìpínlẹ̀ ní kó kúrò lórí pápá. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ìgboyà bo èyí mọ́lẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán?

Láti òfin 1946 ni ìjọba ti ń ṣètò rẹ̀. Ẹ kún fọ́ọ̀mù oúnjẹ kódà tí ẹ bá fẹ́ máa di ìrẹsì fún ọmọ láti ilé, torí ọmọ tó bá yẹ fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ tún lè má san owó SAT, ìdánwò ìgbàwọlé yunifásítì, àti owó fọ́ọ̀mù yunifásítì. Ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí fọ́ọ̀mù. Ẹ bi wọ́n bóyá tiyín wà lára wọn.

Ọmọ mi nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní kíláàsì rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Kí ilé-ìwé tó wọlé, kí ọmọ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù bó ṣe ń pe "Ayọ̀mídé", kí ẹ fi ránṣẹ́ sí tíṣà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbìyànjú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ pè é dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e kúrú àfi tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé kó fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tí wọ́n sọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ta ló wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 de gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀. Ìwé ni kí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ sọnù. Nílé, ẹ fetí sí ọmọ ju bí ẹ ṣe ń gbà á nímọ̀ràn lọ. Ìdáwà yẹn wúwo fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwa tí a dàgbà sí àárín àwọn tó jọ wá kò sì mọ bó ṣe rí lára rẹ̀.

Ṣé mo lè rí ohun tí wọ́n kọ nípa ọmọ mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin FERPA ti 1974 fún yín ní ẹ̀tọ́ náà títí ọmọ á fi pé ọdún 18. Ọjọ́ 45 ni wọ́n ní láti fi í hàn yín.

A gbọ́ pé wọ́n fẹ́ da ilé-ìwé wa pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì.

Ó ti ń ṣẹlẹ̀ tipẹ́. Ní 1939 sí 1940, agbègbè ilé-ìwé Amẹ́ríkà ju 117,000 lọ. Lónìí, nǹkan bí 13,000 ni. Bí ọmọ ṣe ń dín kù nílùú ni owó tí ìpínlẹ̀ ń fún wọn ń dín kù. Ọmọ lè jèrè kíláàsì púpọ̀ sí i, kó sì pàdánù wákàtí kan sí i nínú bọ́ọ̀sì lójúmọ́. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jíròrò rẹ̀ ní gbangba, ìpàdé yẹn sì ni ẹ kò gbọdọ̀ pa jẹ. Ẹ béèrè bóyá kírẹ́díìtì àwọn tó ti dé kíláàsì kọkànlá kò ní dàrú.

Báwo ni ọmọ ìlú kékeré ṣe ń dé yunifásítì?

Olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo lè wà fún gbogbo ilé-ìwé, òun náà ló sì ń ṣètò ìdánwò, ló ń tún táímùtébù ṣe. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ìpàdé láti kíláàsì kẹsàn-án. Oṣù Kẹwàá kíláàsì kọkànlá ni PSAT, ìdánwò ìgbáradì fún SAT; máàkì SAT parí sí 1600, ti ACT, ìdánwò ìgbàwọlé kejì, sí 36. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, sábà máa ń ṣí lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá kíláàsì kejìlá. Ọmọ tó ní káàdì ìgbélùú lè kún un, ọmọ H-4 kò lè gba owó náà. Ẹ̀bùn Pell, tí kì í ṣe yíyá, dé $7,395 lọ́dún 2024 sí 2025.

Èyí tí òbí kì í mọ̀ ni owó kéékèèké tó wà nínú ìlú: ti Rotary, ti Lions, ti báńkì ìlú, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, ti ìdílé tó fi orúkọ òkú wọn dá ẹ̀bùn sílẹ̀. Ọmọ mẹ́fà tàbí méje péré lè kọ̀wé béèrè fún ọ̀kan. Ọ́fíìsì sábà máa ń kó wọn jọ sínú fáìlì kan. Oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ ti lọ béèrè fáìlì náà, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti máa ń tì kí oṣù Kẹta tó dé.